Àwòrán Ọmọ Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Iléèwé

Ẹ̀gbọ́n Bhagirath orí rédíò, mo kí yín láti Pokhara ní Nepal níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Ọpọlọ Simrika ọmọ mi pé, ìwé kíkà ló ṣòro fún un. Oṣù méje rèé tí mo ti mú ìwé dókítà fún ọ̀gá iléèwé, pé kí wọ́n máa ka ìbéèrè ìdánwò sí i létí. Ohun tó ń sọ kò ju "Ẹ ní sùúrù, màdáámù" lọ. Ọmọ ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì.

Lánàá, a bá àwòrán rẹ̀ ràgàjì tí wọ́n gbé kọ́ sókè lẹ́nu ọ̀nà iléèwé.

"Màámi, kí ni wọ́n kọ sábẹ́ mi?"

Mo kà á: "A kì í fi ọmọ kankan sílẹ̀ níbí."

Ó ní, "Ṣé èmi ni wọ́n ń sọ?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n fi dá a lóhùn? Ẹ tètè o. Mo ti yá àkàbà.