Ìrìn Àjò Ọlọ́lá Jùlọ sí Àgbádárìgì

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹjọ, 1989

Èmi, Ọlọ́lá Jùlọ, Olóyè Dókítà Ọ̀gágun Akínbọ́lá Kìíní, alákòóso Ìkọ̀tún, Ìgàndò àti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ayọ̀bọ̀, ni mo ń kọ ìwé yìí nínú ààfin mi. Kí gbogbo ayé gbọ́: lọ́la ni Ọlọ́lá máa ṣípò lọ sí Àgbádárìgì, létí òkun, fún ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀. Á jẹ akàn. Á jẹ ẹja. Á wo òkun, òkun náà á sì wò ó dáadáa.

Ọlọ́lá kì í fi "wọ́n" pe ẹnikẹ́ni nínú ìwé ara rẹ̀. Ta ló máa rí i?

Gómìnà ti ń pariwo pé kí n wá gbé máṣíìnì wọlé, òjò ń bọ̀. Gómìnà ni Àǹtí Tòún, àbúrò ìyá mi, télọ̀ tó tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Tí ó bá ní "jókòó", àga gan-an á jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹjọ

A dé. Ìdí ń dùn mí. Láti Ìkọ̀tún dé Máìlì Tú, láti Máìlì Tú dé ibí — obìnrin kan gbé agbọ̀n adìẹ lé mi lẹ́sẹ̀, adìẹ náà ń wò mí bíi tíṣà ìṣirò.

Fèrè bá wa wá. Fèrè ni Bọ̀ọ̀dá Julius, ẹ̀gbọ́n Gómìnà, wòlíì ìjọ aláṣọ funfun n'Íkọ̀tún. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Kó tó ríran, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì — húh, húh — á wá ní, "Olúwa wí pééé..." Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Rédíò ládùúgbò. Sùtánà ló wọ̀ láti ilé, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ló fi sọ̀ nínú mọ́tò. Àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà sí sùtánà, èèwọ̀ ni. Ẹrẹ̀ gáréèjì mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

Ìwé, gbọ́ ohun tá a bá wá. Gómìnà ti rí ọkọ. Máútìn, ọmọ Ègùn, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe níbí. Èèyàn dáadáa ni, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó yẹ kí àwọn ará ilé ẹ̀ wá bá wa n'Íkọ̀tún, ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ ní òun ò ní gun mọ́tò lọ kí ìyàwó tí òun ò tíì mọ̀ bóyá òun fẹ́. Kó kọ́kọ́ wá kí òun wò ó ná. Ọ̀túnla, ọjọ́ Àìkú, ni. Tí ìyá yẹn bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Gómìnà máa kó wá síbí. Èmi ńkọ́? Fèrè ti ní ọ̀dọ̀ òun ni mo ń bọ̀. Agogo àdúrà ní kùtùkùtù. Gbígbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ó bá ní rárá, èmi àti Gómìnà la jọ ń padà sílé nìyẹn.

Mo ń gbàdúrà fún rárá. Ìwé, pa ẹnu mọ́.

Ilé Ìyá Àtọ́kẹ́, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, la dé sí. Ó fi omi àgbọn se ìrẹsì. Mo jẹ ẹ́ títí bẹ́líìtì mi fi bẹ̀ mí.

Ọjọ́ Sátidé, 5 Oṣù Kẹjọ

Àárọ̀ — ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹja ṣáwá yíyan. Egungun ẹ̀ pọ̀, adùn ẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Mo rìn dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Bàbá tó ń mú èèyàn rìn níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò tí bátìrì ẹ̀ ń kú lọ. Mo ti fi ohùn yẹn sápò.

Lẹ́yìn náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Sùtánà Fèrè kejì wà lórí okùn, ó ti gbẹ. Fèrè ń hanrun. Ìyá Àtọ́kẹ́ sì ti sọ lánàá pé àwọn ọlọ́kọ̀ kì í gbowó lọ́wọ́ wòlíì tó bá fẹ́ sọdá ọ̀sà lọ gbàdúrà létí òkun. Ọlọ́lá ò ní kọ́bọ̀. Ìwọ náà rò ó.

Mo wọ̀ ọ́. Ọlọ́kọ̀ ṣí fìlà, ó gbé mi sọdá, ó ní kí n rántí òun nínú àdúrà. Mo ní, "Húh, húh, a ti rántí ẹ." Iyanrìn apá ọ̀hún kún fún èérún ìkarahun, ó ń gún mi lẹ́sẹ̀ ṣáá. Mo bá ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà mi tí mo fi há abíyá — èyí tó já, tí Gómìnà fi òwú pupa rán — mo ń bá tèmi lọ.

Òkun! Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tóbi, kò sì dákẹ́. Èmi tí mo ń sín gbogbo èèyàn jẹ, mo gbìyànjú ohùn ẹ̀, mi ò rí i mú.

Obìnrin kan ń sun akàn lábẹ́ igi àgbọn. Àgbà obìnrin, ojú ẹ̀ mú. Ó ní, "Wòlíì, ẹ wá jókòó, ẹ jẹ nǹkan." Mo jẹ. Háà! Ata àti epo ló fi pa á lára. Mo fọ́ ọ, omi ẹ̀ ń ṣàn dé ìgùnpá mi. Mo jẹ òmíràn. Obìnrin náà ń wo ilẹ̀ ṣáá, ó tẹrí ba níwájú mi, bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe fún Ọlọ́lá.

Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ mi, Máútìn, fẹ́ mú ọmọbìnrin kan wálé láti Ìkọ̀tún. Télọ̀ ni. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ nílé mi. Kí lẹ rí?"

Akàn há mi lọ́fun.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ìwé. Kí n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n ní mo rí omi dúdú láàrin wọn, ó parí. Mo wúkọ́. Mo ní, "Olúwa wí pééé... mo rí..." Obìnrin yẹn gbójú sókè. Mo ti rò pé agbéraga ni. Ẹ̀rù ni mo rí lójú ẹ̀, ẹ̀rù pé ọmọ òun lè ṣi ìyàwó fẹ́. Mo sì rántí bí Gómìnà ṣe máa ń dá rẹ́rìn-ín lórí máṣíìnì láti ìgbà tí Máútìn ti dé. Ohùn Fèrè bá sá kúrò lẹ́nu mi. Tèmi ló jáde: "Mà, ẹ gbà á. Ó máa ń pariwo o. Ṣùgbọ́n tí oúnjẹ ò bá tó, á ní òun ti jẹun níta. Irọ́ ni. Kò jẹ nǹkan kan."

Ó ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Mo ní ẹ̀mí ló sọ ọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ sùtánà sókè, mo sá.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹjọ

Ilé Máútìn. Ìyá Alákàn jókòó sórí àga, kò rẹ́rìn-ín. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn Fèrè. Gómìnà kúnlẹ̀ — Gómìnà! — ohùn ẹ̀ ò ju ti ọmọ iléèwé lọ. Fèrè ń fi gbogbo wa hàn. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Èyí, ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀, ó kàn ń gbé lọ́dọ̀ Tòún ni."

Gómìnà gbórí sókè. "Ọmọ mi ni, mà."

Ìyá Alákàn wo ojú mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Òwú pupa! Orí mi fò lọ.

Ó ní, "Wòlíì kan wá bá mi lánàá létí òkun." Ó tún wo ẹsẹ̀ mi. "Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú aláṣọ funfun, mi ò rí wòlíì tó wọ sálúbàtà sí sùtánà rí. Mo ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀, mò ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Mo ní kó máa jẹ akàn lọ jàre, kí n gbọ́ ohun tó fẹ́ wí."

Fèrè yíjú wò mí. Gómìnà yíjú wo òwú tí òun fúnra ẹ̀ rán. Mo ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu, mi ò rí.

Ó ní, "Ó bẹ̀rẹ̀ bíi wòlíì, ó parí bí ọmọ. Ohun tí ọmọ yẹn sọ ni mo gbà gbọ́. Dìde, ìyàwó mi."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí. Ó wá ní kí n ṣe wòlíì yẹn kí gbogbo ilé gbọ́. Mo ní ó tì o. Ó ní akàn ṣì wà. Mo ṣe é. Fèrè fa ojú ro, ó fẹ́ bá mi wí — ló bá kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Húh, húh. Àwọn èèyàn ń yí nílẹ̀! Máútìn ń fi fìlà nu omijé.

Nígbà tá a jáde, Gómìnà fa etí mi. Kò fà á le.

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹjọ

Ìkọ̀tún. Mo fọ sùtánà Fèrè. Mo tún un fọ̀. Epo akàn ò lọ.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹjọ

Oṣù Kẹwàá ni ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n Gómìnà ti ń to àwo sínú páálí. Mo ń rán ihò bọ́tìnnì. Fèrè ránṣẹ́ pé òun ti ra ìgbálẹ̀ tuntun.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹjọ

Máútìn dé lọ́sàn-án pẹ̀lú agbọ̀n akàn, ààyè ni gbogbo wọn. Ọ̀kan sá wọ abẹ́ máṣíìnì. Iṣẹ́ tí ìyá ẹ̀ rán sí wa: kí wòlíì onísálúbàtà máa bá ìyàwó bọ̀. Yàrá wà. Ẹ́ńjìnnì wà tó lè kọ́. Ìyàwó tó bá fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ wá, òun ò gbà á.

Àǹtí Tòún bi mí bóyá mo fẹ́. Wọn ò pariwo. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò. Mo wá ohùn tí màá fi dáhùn — ti Fèrè, ti bàbá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ti Ọlọ́lá — kò sí èyí tó bá a mu. Mo ní, "Mo fẹ́, mà." Wọ́n ní ó dáa, kí n lọ mú akàn abẹ́ máṣíìnì kó tó gé aṣọ oníbàárà.

Nítorí náà, ìwé: kò sí Olóyè, kò sí Dókítà, kò sí ààfin. Ẹ̀yìn máṣíìnì ni mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ni Ọláyíwọlá, tó fi iléèwé girama sílẹ̀ ní kíláàsì kejì, tí akàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé níka. Ọmọ Àǹtí Tòún.