Curtis, Má Gé Èékánná Ológbò Verna

Ilé wa létí adágún,
Minnesota.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Curtis ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Brenda ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí òtútù tó tètè dé lọ́dún yìí má rí yín gbé ṣe, kí ẹsẹ̀ Brenda tó yẹ̀ sì ti máa san. Bàbá rẹ wà, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbàkígbà tí yìnyín bá fẹ́ bọ́. Ara tèmi náà yá, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá, ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní ẹnìkan ti gbé ajá wọlé, wàá sì pa fóònù mọ́ mi létí. Jókòó, kí o ka èyí tán.

O mọ̀ pé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èmi àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń kanlẹ̀kùn kiri, pé kí ìgbìmọ̀ ìlú fòfin de gígé èékánná ológbò. Nígbà yẹn o ní, “Màmá, èékánná lásán ni, ẹ fara balẹ̀.” Èékánná lásán kọ́, Curtis! Ìwọ tí o kàwé dókítà ẹranko ló yẹ kó sọ fún mi. Egungun ni. Oríkèé tó gbẹ̀yìn lórí ìka kọ̀ọ̀kan ni ẹ ń gé sọnù. Na ọwọ́ rẹ síwájú, wo ibi tí èékánná tìrẹ ti hù jáde, kí o wá rò ó pé wọ́n gé e kúrò níbi oríkèé. Nítorí kí ológbò má baà ha àga!

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. A ti borí. Gbogbo ìgbìmọ̀ ti gbà pé ẹnikẹ́ni kò ní gé èékánná ológbò mọ́ nílùú wa, àti pé onílé kankan kò ní lè fi dandan lé e fún ayálégbé. Mo ti ń wá áńkáṣífù tí màá fi nu ojú. Ni Duane Brekke, alága wọn, bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú o, ṣé kò ní dùn yín jù tí a bá ní kí òfin yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tuntun, kí ó lè rọ àwọn dókítà lọ́rùn?” Curtis, o mọ àwa ará ibí. Tí ẹnìkan bá tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, àwa gan-an la máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn pé, “Áà, kò burú, kò burú.” Àwọn tó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn rìn nínú oòrùn! Mo fò dìde kí n sọ pé ó burú, ni Gladys tó jókòó tì mí bá fa súwẹ́tà mi wálẹ̀. “Noreen, jọ̀ọ́, má dójú tì wá. Ṣebí ọkùnrin náà fẹ̀sọ̀ bi wá ni.” Kí n tó já ara mi gbà, wọ́n ti ń pín kọfí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àwọn tí kò tilẹ̀ rántí pé ológbò àwọn ní èékánná sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ọdún tó yí. Ilé ìwòsàn ẹranko kan tiẹ̀ gbé pátákó síta pé, “Ẹ tètè wá kí òfin tó dé.” Ẹ gbà mí o! Òfin tí a fẹsẹ̀ wa wá kiri ni wọ́n wá fi ń polówó ọ̀bẹ. Bàbá rẹ ní kí n má fi kó ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní ó ti pẹ́ jù.

Èyí tó wá dà mí lórí rú jù ni ti Verna Lindqvist, aládùúgbò wa tó máa ń bu ọbẹ̀ ìrẹsì gbígbóná fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré. Láti ìgbà tí Arvid ọkọ rẹ̀ ti kú ni ilé náà ti tóbi jù fún un, ó sì ti tà á. Ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni yóò kó lọ sí ilé àwọn àgbàlagbà tó wà nítòsí ọsibítù. Onílé ibẹ̀ ní ológbò kankan kò gbọdọ̀ wọlé láìsí ìwé dókítà pé wọ́n ti gé èékánná rẹ̀. Otis, ológbò aláwọ̀ eérú yẹn, tó ti di àgbàlagbà! Tí ọdún bá sì ti yí báyìí, onílé náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́. Oṣù kan péré ni.

Mo sọ fún Verna pé kó gbé Otis wá sọ́dọ̀ mi di ọdún tuntun. Ó ní, “Áà, rárá o, Noreen, mi ò fẹ́ yọ ẹ́ lẹ́nu.” O mọ̀ pé níbí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi bisikíìtì lọ èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú un, nítorí náà mo tún un sọ, mo tún un sọ, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀. Kò lè yọ mí lẹ́nu, kò lè sọ fún onílé pé kó ní sùúrù. Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Má dààmú. Curtis ni mo pè pé kó bá mi gé e. Ọmọ tiwa ni, kò ní ṣe é níkà.”

Inú ń bí mi sí onílé náà, ó ń bí mi sí Duane, ó ń bí mi sí Gladys. Ṣùgbọ́n ìwọ ni inú ń bí mi sí jù, torí pé ìwọ nìkan ló kù tó lè sọ pé rárá. Má sọ fún mi pé tí o kò bá ṣe é, ẹlòmíràn á ṣe é. Jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é! Mo mọ̀ pé òfin kò tíì dè ọ́. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ gan-an nìyẹn. Lọ́dún tuntun, gbogbo yín lẹ máa jáwọ́, kò sì sẹ́ni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Sọ fún un pé, “Màmá Verna, mi ò ní gé e. Ẹ jẹ́ kí Otis wà lọ́dọ̀ màmá mi.” Kò ní bínú. Wàá rí i, òun ló máa bẹ̀ ọ́ pé òun fi àkókò rẹ ṣòfò.

Èmi ni mo máa fi mọ́tò gbé Verna àti Otis wá bá ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá rẹ ti ra yẹ̀pẹ̀ tí ológbò ń yàgbẹ́ sí, ó ti gbé e sínú yàrá rẹ àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ràn ológbò rárá.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ìgboyà tí kò sí nílùú yìí. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má fa ẹkún fún ẹnikẹ́ni. Kí ilé rẹ tòrò, kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà níṣojú rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Noreen Halvorsen.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò ìwé yìí pa kí Verna tó pè, ni mo bá tún ya á. Ó ní láti ìgbà tí Arvid ti kú, Otis ni kì í jẹ́ kí òun dá sùn. Ó máa ń gun àyà òun, á máa fi ọwọ́ iwájú méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, títí oorun á fi gbé òun lọ. Ó bi mí pé ṣé Otis á ṣì lè máa ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá gé èékánná rẹ̀. Mo ní kó bi ọ́. Ó máa bi ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Curtis, ohunkóhun tí o bá sì sọ fún un ló máa gbà gbọ́.