Òṣùwọ̀n Ìrẹsì ní Monrófíà

Ṣàfíù àbúrò mi,

Gbogbo wa ní Ìkọ̀tún ń kí ọ, láti orí Màmá dé orí ọmọ ọwọ́. Oògùn ẹsẹ̀ Màmá gba náírà mẹ́rìnlélógún. Ẹgbẹ̀ta náírà tí a kó jọ fún owó ọkọ̀ rẹ wá sílé ṣì pé.

Lẹ́tà rẹ dùn mọ́ mi. O ní ìjọba tuntun tó jẹ lọ́hùn-ún láàárín ogun ti bá Nàìjíríà dọ́rẹ̀ẹ́, wọn ò sì béèrè ẹ̀yà mọ́ kí wọ́n tó pín ìrẹsì. Ìwọ tí wọ́n ń lé kiri lọ́dún tó kọjá torí pé o jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n wá gbé òṣùwọ̀n lé lọ́wọ́! Gbogbo àdúgbò ni mo kà á fún.

Màmá, tó ń sunkún pé kí o máa bọ̀, nu ojú wọn. Wọ́n ní: "Kó dúró jàre. Ṣùgbọ́n kó máa fi èènì sí i fún gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tó lé e."

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ. Mi ò ní fọwọ́ kan owó ọkọ̀ náà.

Nùrẹ́nì, ẹ̀gbọ́n rẹ.