Fáànù Tó Kẹ̀yìn sí Màámi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì
Fáànù sólà dé! Kékeré báyìí — Ọmọ Oòrùn ni mo sọ ọ́. Páńẹ́lì rẹ̀ wà lórí páànù. Òun fúnra rẹ̀ wà lójú ihò ògiri àgọ́ tí màámi ti ń yan ẹja létí ọ̀sà, mo kọjú rẹ̀ síta kó máa lé èéfín jáde. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé èéfín ló fa ikọ́ wọn, pé bí kò bá dín kù, àyà wọn ò ní gbà á mọ́. Màámi olóríkunkun ní, "Èéfín tó tọ́ ẹ dàgbà lo wá ń lé jáde?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí ṣá.

Ọjọ́rú, 5
Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ wúkọ́ lónìí. Olúwa ṣeun.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Fola Agoro dé — fáànù ti kọjú sínú! Gbogbo èéfín ń padà bò wọ́n lójú. Mo yí i síta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Wọ́n tún ti yí i.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ìjà. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kú ni. Wọ́n ní kí ni ìwúlò fáànù tó ń kẹ̀yìn séèyàn, ooru ń mú àwọn. Ooru wo? Ẹni tó ti ń dúró ti iná kí wọ́n tó bí mi! Wọ́n wúkọ́ títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Mo wọ yàrá lọ sunkún. Ta ni mo ní lẹ́yìn wọn?

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo ti mọ̀. Mo lọ kí Ìyá Peculiar, aládùúgbò wa tó bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fèrèsé wọn kọjú sí ihò wa gan-an. Ó ní, "Sister Sabina, ẹ bá mi thank Màámi o. Lọ́jọ́ tá a ti hospital dé, èéfín yẹn fẹ́ pa baby. Mi ò tiẹ̀ complain, wọ́n kàn yí fáànù yẹn padà."

Nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ṣe ń gbé èéfín mì. Èmi sì ń pariwo mọ́ wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Àkànbí jórinjórin bá wa fi páànù ṣe páìpù gígùn. Fáànù ń ti èéfín sínú rẹ̀, ó ń gba òkè òrùlé lọ. Màámi ò wo páìpù. Ìdí fèrèsé ọmọ ni wọ́n lọ, wọ́n ń fi imú fín afẹ́fẹ́ ibẹ̀ títí ọkàn wọn fi balẹ̀.

Wọ́n yan odindi agbọ̀n ẹja kan láìwúkọ́. Mo hó, mo dì mọ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ tó ń run ẹja bò mí lẹ́nu.

"Rọra, Sabina. Ọmọ ń sùn."