Orúkọ Méjì Tí Mo Dá ní Ìsìn Ìmúrasílẹ̀

                                                  Ojúlé 17, Baríkà,
                                                  Agbowó,
                                                  Ìbàdàn.
                                                  Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje, oṣù kẹwàá, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọlọ́runtóyìn,

Ó pé ọjọ́ mọ́kàndínlógójì lónìí tí mo sìn ọ́ wọ mọ́tò Ìlọrin ní gáréèjì Ojoo. O kú ilé, o kú ìtọ́jú ọmọ, o kú àìsùn. Ṣé Ṣèyífúnmi ọmọ wa ti ń jẹun dáadáa? Ṣé omi ọmú ti ń yọ? Ọmọ tuntun náà ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbé e kúrò nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ọsibítù? Ẹsẹ̀ tìrẹ tó máa ń wú, ṣé o ń gbé e lé orí àpótí bí mo ṣe sọ fún ọ? Kí Ọlọ́run dá gbogbo wọn sí. Ara tèmi le. Mo ń jẹun, mo sì ń sùn díẹ̀.

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ìgbà méje lo ti pè mí lórí fóònù. O sunkún, mo sunkún, a gbàdúrà, a pa fóònù. Nínú méjèèje, n kò sọ òótọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé. Abdussalam, àbúrò Zùwáírátù tí a jọ ń gbé ilé, ló ń wa mọ́tò Ìlọrin báyìí, òun ni yóò mú un wá fún ọ. Jókòó kí o tó máa kà á lọ. Orúkọ rẹ wà lọ́kàn mi, Tóyìn, kì í sì í ṣe fún rere. Wọ́n ní àfi kí n bá ọ sọ ọ́ kí n tó tún lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ohun tí mo jókòó láti ṣe nìyí.

O mọ ibi tí ìjà èmi àti ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí, torí bí mo bá fo ibì kan, ibẹ̀ gan-an ni n óò sá pamọ́ sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ, Zùwáírátù wá dá odó mi padà. Tòkunbọ̀ ń jẹun lọ́wọ́. (Mo ti ń pe orúkọ rẹ̀ báyìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a fi gbé pọ̀, n kò dán an wò.) Ó fi òkèlè kan ọbẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Iyọ̀ ti pọ̀ jù. Àbí torí pé kò sọ́mọ tí yóò ké nílé yìí lo ṣe ń sè é bó ṣe wù ọ́?" Zùwáírátù rọra gbé odó sílẹ̀, ó wolẹ̀, ó jáde láìdágbére. Ìwọ nìkan lo mọ iye ọsibítù tí a jọ dé nítorí ọmọ. Ìwọ náà ni mo sá tọ̀.

Ní Ojoo, lọ́jọ́ tí ò ń lọ, o ti jókòó sẹ́bàá fèrèsé, o ń jẹ àgbàdo. Mo ní ọjọ́ keje rèé tí n kò bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń wò mí bí ajá tí wọ́n nà. Bí o ṣe dáhùn nìyí, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀: "Ìwọ máa wò ó níran. Bó bá dọ̀bálẹ̀, jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ títí yóò fi gbẹ síbẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í bímọ." A jọ rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó jókòó tì ọ́ náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà lo na ọwọ́ jáde, o di ọwọ́ mi mú, o ní o ti fa kíláàsì wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lé Ìyá Adéróunmú lọ́wọ́, kí n máa ràn án lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ìwọ fi jẹ́ olórí kíláàsì wa. Ní gbogbo Sátidé tó bá ṣáájú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ìwọ lo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn ìmúrasílẹ̀, tí ò ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ta ló wà lọ́kàn rẹ?" Ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni sínú yóò kọjá. Ẹni tó bá dárúkọ ẹnìkan yóò lọ bá onítọ̀hún làjà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà tí àwọn yòókù bá dìde. O máa ń sọ pé ẹni tó fọ aṣọ funfun tí kò fọ inú, aṣọ ló lọ sìn. Ẹnu kan náà lo fi sọ ọ̀rọ̀ ti Ojoo.

Ọjọ́bọ̀ lo lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ìmúrasílẹ̀. A tò, ẹni mẹ́ta ló wà láàárín èmi àti ọkọ mi. O mọ ohùn Ìyá Adéróunmú, àádọ́rin ọdún kò tíì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Tòkunbọ̀, ta ló wà lọ́kàn rẹ?" Ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi ni, mà. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́." Ó ní kó lọ bá mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó kàn mí, mo wo ojú ìyá náà kòrókòró, mo ní, "Kò sẹ́nì kankan, mà." Ó wò mí. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ mi tó ń fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní kí n máa lọ.

Kí n tó bọ́ gèlè, Tòkunbọ̀ ti wọ ilé ìdáná wá bá mi. O mọ orúnkún rẹ̀ tí kì í fẹ́ ká. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ló gbé àyà lélẹ̀, ó nà gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì tí omi tí mo fi fọ ẹja ṣì wà. Ó ní, "Ọmọ́fẹ́, ọ̀rọ̀ burúkú ni mo sọ. Fi jì mí." Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti mọ ohun tí n óò wí. Mo ní, "Ìdọ̀bálẹ̀ kì í bímọ. Dìde, o dí mi lọ́nà." Ó pẹ́ kó tó lè dìde. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó gbé orúnkún kan, ó sinmi, ó tún gbé èkejì. N kò na ọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó kan ìlà àga tiwa, gbogbo wa dìde, òun jókòó. Etí ọ̀nà ló wà, iwájú rẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ gbà. Ó wọ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sábẹ́ àga kí n lè rí ọ̀nà kọjá. Mo lọ, mo kúnlẹ̀, mo jẹ, mo mu. Mo padà dé, ó tún wọ́ ọ. Inú mi dùn, Tóyìn. Wáìnì ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo ń sọ nínú ara mi pé, o ò tíì rí nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́ta sí i ni n kò fi fọhùn. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìpè é. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàngó. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ó ń wé wáyà sínú fáànù kan, ó ní kí aládùúgbò rẹ̀ bá òun bu omi. Kí onítọ̀hún tó bu omi dé, ó ti fi orí lé tábìlì. Kò tún gbé e sókè mọ́. Èyí tó kù o ti gbọ́ lórí fóònù.

N kò bínú pé o kò wá síbi ìsìnkú. Ẹni tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú gíláàsì kò lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbá dára kí o gbọ́ ìwàásù lọ́jọ́ náà. Àlùfáà ní olóògbé kò pa Oúnjẹ Olúwa jẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á sí ìjọ. Ẹnìkan wú ikọ́ lẹ́yìn mi. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: mo rí Ìyá Adéróunmú tó tẹjú mọ́ mi títí a fi gbé pósí jáde.

Lẹ́yìn tí àwọn èrò ti lọ, mo bi Zùwáírátù bóyá Tòkunbọ̀ sọ ohun kan nípa mi fún Bùsàrí, ọkọ rẹ̀, torí àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kó sọ pé ó ti dárí jì mí. Zùwáírátù ń bó ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé òótọ́ lẹ fẹ́, àbí kí n máa pọ́n yín lá?" Mo ní òótọ́. Ó ní, "Ó sọ fún Bùsàrí pé láyé òun, òun ò tún ní dọ̀bálẹ̀ fún yín mọ́. Bùsàrí fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, 'Bọ̀dá, ẹ óò tún dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ṣé ẹ kì í jẹun alẹ́ ni?' Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti parí ìyẹn." Ó da èèpo ẹ̀wà nù, ó ní, "Ó sì pa á mọ́, àbí kò pa á mọ́?" Lẹ́yìn náà ló lọ bu ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Òun nìkan ni kò tíì parọ́ fún mi láti ìgbà náà.

Ní Sátidé ijẹta, ìmúrasílẹ̀ tún dé. Mo ti ronú pé n óò ní kò sẹ́nì kankan, ṣebí òkú kì í jáni nírọ́. Èmi ni mo kẹ́yìn ìlà. Ìyá Adéróunmú ní, "Ìyàwó Tòkunbọ̀, ta ló wà lọ́kàn rẹ?" Ẹnu mi ní, "Tòkunbọ̀." Àwọn tó ti sọ̀ kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ yíjú padà.

Ó ní, "Òkú lo dárúkọ yẹn."

Mo ní, "Mo mọ̀, mà."

Ó ní, "Nígbà tó wà láàyè, tó tọ̀ ọ́ wá, ẹ̀yìn lo kọ sí i. Ibo lo fẹ́ bá a báyìí? Ṣé kí n bá ọ wá ọkọ́ ni, kí a jọ hú u?" Láwùmí tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ìwé orin bo ẹnu.

Mo fẹ́ bi ìyá náà ìdí tó fi jẹ́ kí n kọjá lóṣù tó kọjá, nígbà tó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. N kò bi í. Ó ní, "Ó ku ẹlòmíràn?" Mo ní, "Ọlọ́runtóyìn." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ìyá Ṣèyí tiwa?" Mo ní òun náà ni. Ó ní, "Ìyẹn wà láàyè. Lọ bá a. Ti òkú yẹn, èmi kò mọ̀ ọ́n, ìwọ àti Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n lọ́la, má dìde."

N kò dìde. Lánàá, etí ọ̀nà ni mo jókòó sí, mo ká ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń kọjá. Bàtà nìkan ni èèyàn ń rí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wojú ẹni. Láwùmí fi ọwọ́ kó etí aṣọ rẹ̀ jọ kó má baà kàn mí. Mo mọ bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́sí, tó máa ń dún. Tòkunbọ̀ gbọ́ ọ nígbà tí mò ń lọ, ó sì gbọ́ ọ nígbà tí mò ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní tábìlì náà kì í ṣe ti Ìyá Adéróunmú, kí n wá lóṣù tó ń bọ̀ bí mo ṣe wà, àánú Ọlọ́run tó gbogbo wa. Ó lójú àánú, n óò sì lọ bí mo bá lè lọ. Ṣùgbọ́n mo ti fi irọ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. N kò fẹ́ fi irọ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnu mi ló sọ ọ̀rọ̀ náà, Tóyìn. Àgbàlagbà ni mí, o kò dì mí lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n ìwọ lo pèsè rẹ̀ fún mi, tí o fi àgbàdo wẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, tí o sì lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọ́kọ́ pé mo ti dárí jì ọ́, mo kà á, mo fà á ya. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mìíràn di ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, kọ̀wé sí mi tàbí kí o wá, kí o sọ fún mi pé o sọ ọ́. Má sọ pé àwàdà ni. Bí o bá ní àwàdà ni, a óò máa kí ara wa bí ọmọ ìjọ kan náà, ṣùgbọ́n n kò ní lè pè ọ́ lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ọdún mẹ́rìnlélógún tí a ti ń ṣọ̀rẹ́ yóò sì dópin síbẹ̀. Bí èmi náà bá wà lọ́kàn rẹ fún ohun kan, sọ ọ́. Má ṣàánú mi.

Bá mi kí Ṣèyífúnmi, sọ fún un pé kó máa mu omi gbígbóná. Fìlà òwú méjì tí mo hun fún ọmọ wà nínú àpò tí Abdussalam mú wá. Èyí tó kéré ni kí ẹ kọ́kọ́ dé e. Zùwáírátù ní kí n kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé abọ́ òun tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Ní ti ọkọ mi, kò sẹ́ni tí mo lè kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé ìmúrasílẹ̀, n óò máa lọ tò sórí ìlà. Bí wọ́n bá bi mí, n óò máa dárúkọ Tòkunbọ̀ níwájú gbogbo wọn, kódà bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ni, tìrẹ títí di ìsinsìnyí,
Ọmọ́fẹ́ Ikúbọlájẹ́.