Àwọn Ọ̀rọ̀ Tó Kọlà Bíi Station

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ń yangàn,

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti ń kọ̀wé yìí sí yín. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Mo ṣì ń jẹun, mo ṣì ń pariwo mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Yàrá tí èmi nìkan wà ni wọ́n fi mí sí, torí èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kó mọ́ èrò mọ́. Yàrá tí òjò ń wọ̀ lẹ fi wá sí ní Mamobi, nílùú onílùú yìí. Lónìí, mo ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Alajo, táyà kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Kaneshie dé òkè àjà, àwọn tó jáde yunifásítì ló ń háyà ilé mi, Chairman ni wọ́n sì ń pè mí. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà o.

Ìṣó kékeré kan ló gún mi lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àtọ̀gbẹ tó bá yín jà náà ló ń bá mi jà, kò jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan gún mi. Ìgbà tí bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ni mo tó wò ó, ọmọ ìka ti dúdú bí èédú. Ṣé ẹ rántí òórùn yẹn? Ẹ máa ń fi káfúrà sábẹ́ ẹní kí àlejò má baà gbọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ ń ta dígí àti ìyarun ní Kaneshie, abẹ́ bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ Lorry Station sí ni àtẹ yín wà. Ẹ ò mọ̀wé rárá. Ẹ ní kí dírẹ́bà kan kà á fún yín, ẹ wá fi ìka tọ́ lẹ́tà mẹ́rin ìdí rẹ̀, t, i, o, n, ẹ ní ilà ojú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fọwọ́ pa gọ̀mbọ́ ojú yín, ẹ ní ẹni tó bá ti rí ilà, ó ti mọ agboolé, bí kò tiẹ̀ mọ orúkọ. Àtìgbà náà la ti ń dọdẹ wọn, lára ọkọ̀ trótró, lára páálí ọṣẹ, lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí mo bá ti rí ọ̀kan, màá sáré wá, ẹ ó sì wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀. Station, ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Collection, owó tí wọ́n ń gbà kiri. Election, ìbò. Deportation, kí ìjọba kó àlejò sínú ọkọ̀ pé kó máa lọ sílùú rẹ̀. Ìyẹn ò nílò ògbufọ̀, wọ́n ti fi kó ẹ̀gbọ́n yín lọ. Ẹ wá ní ìdílé yẹn kì í wá kí èèyàn lásán, wọ́n máa ń mú nǹkan lọ ni.

Amputation la kọ́ kẹ́yìn. Dókítà tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ yín ló sọ ọ́. Ẹ bi í bóyá ó ní ilà, ó ní ó ní i, inú yín dùn bíi pé a mú ẹja ńlá. Ó wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀: kí wọ́n gé ẹsẹ̀. Ẹ dìde, ẹ ń tiro lọ sílé, ẹ ní bí wọ́n ṣe bí yín lẹ ó ṣe padà. Ẹ padà lóòótọ́, kò pẹ́ rárá. Mo fi yín yangàn láàárín àwọn ọmọ Mamobi pé wọn ò rí bàbá mi gé. Títí dàná ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé bíi tiyín ni tèmi náà máa rí.

Lánàá, dókítà wá. Òun àti Mọríámọ̀, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ń sọ òyìnbó lórí mi. Mo di ojú, mo ń fi etí wá ilà. Infection, kòkòrò ti wọ egbò. Operation, iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ wa àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí a kọ́ kẹ́yìn, wọlé.

Mọríámọ̀ tẹ̀ ba létí mi. “Bàbá, wọ́n kàn fẹ́ fọ egbò yẹn ni. Ẹ ó sùn, kí ẹ tó jí, ó ti tán.”

“Fífọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní amputation?”

Dókítà ń wo ilẹ̀.

“Ta ló kọ́ yín ní ìyẹn?” Mọríámọ̀ bi mí.

“Bàbá mi ni.”

Ẹkún gbé e. “Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní gbà láéláé. Ṣé kí n wá jókòó, kí n máa wò yín títí ẹ ó fi kú ni?”

Mo fi ọwọ́ nu omijé ojú rẹ̀.

Bàbá, gbogbo ayé ló mọ̀ pé mo máa ń fi kíláàsì mẹ́ta yangàn. Mi ò sọ ohun tí kò jẹ́ kó di mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà tí ẹ lọ, ìyá mi gbé àtẹ dígí sórí, èmi gbé ti ìyarun. Ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ gbé wọ ilẹ̀. Ṣé ó wúlò fún yín níbẹ̀? Ṣé ẹ tiẹ̀ rò wá mọ́ ọn nígbà tí ẹ ń tiro lọ sílé?

Mo ti ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi. Ọ̀la ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Mo ti sọ fún Mọríámọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ jù ú nù. Kí wọ́n fi aṣọ funfun dì í, kí wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Yóò ṣáájú mi débẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má bínú, ẹ má sì bi í pé èmi dà. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ ni. Èmi ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ pẹ́ lọ́nà.

Èmi ọmọ yín, tí ẹ kọ́ ní ilà ọ̀rọ̀, tí ẹ ò kọlà fún lójú.