Àyà Orogún Màmá

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹrin, 1994

Orogún ń kan. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà sọ́míìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kí Bàbá tó yọ ní kọ́nà — kò-kò-kò-kò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò dá lóhùn. Pijó 404 yìí ti wà nílé kí n tó dáyé. Màmá ló sọ ọ́ ní Orogún, torí Bàbá a máa nù ún láràárọ̀ kó tó kí òun. Gééjì kékeré tí Bàbá so mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tó ṣì ń ṣe hẹdimásítà ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń lágbára sí nínú ẹ́ńjìnnì. Lónìí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sùn sílẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Òrù tó fẹ́ rà á, kó tú u tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Bàbá ní bí kò bá yá kó tó di ọjọ́ tí Kíkẹ́lọmọ yóò gboyè ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, kí ọkùnrin náà máa gbé e lọ. Kíkẹ́ bú sẹ́kún. Orí àga ẹ̀yìn Orogún ni wọ́n bí àbúrò mi yìí sí, lójú ọ̀nà ọsibítù. Láti kékeré ni Bàbá ti ń ṣèlérí fún un: ọkọ̀ tó gbé ọ wá sáyé ló máa gbé ọ lọ gboyè.

Kò ní lọ sí Òrù. Mo ti wí.

Ọjọ́rú, 13

Nọ́fíù wá wò ó. Ọ̀rẹ́ mi ni, mẹkáníìkì ni, ẹnu rẹ̀ ò dúró. Ó ní bíárìn ìsàlẹ̀, irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí lórí rẹ̀, ti jẹ tán. "Múyì, lọ sin òkú yìí." Mo ní ta lo pè ní òkú? A ò jọ jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, 14

Mo mú ọmọrogùn Màmá, mo fi orí rẹ̀ kan ti ara ẹ́ńjìnnì, mo gbé etí lé orí kejì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ní sọ́míìlì, àfi pé irin gígùn la fi ń ṣe é níbẹ̀. Màmá yọ láti ilé ìdáná. Ó figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ń fi ọmọrogùn mi yẹ àyà orogún mi wò!" Kíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ohun tí mo gbọ́: ariwo náà kò ti ìsàlẹ̀ wá. Òkè ni, níbi tàpẹ́ẹ̀tì, àwọn irin kéékèèké tó ń jó lórí ẹ́ńjìnnì. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Ọ́ìlì ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo fọ ọmọrogùn. Ó ṣì ń rùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Òjò. Ẹ̀bà alẹ́ ń rùn bíi Pijó. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan — àfi Màmá.

Ọjọ́ Àìkú, 17

A gbé Orogún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó síwájú, mo tẹjú mọ́ gééjì bí ẹni ń ṣọ́ olè. Bàbá sítáàtì rẹ̀, abẹ́rẹ́ gòkè dáadáa. A dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Bàbá tẹ̀ ẹ́ — abẹ́rẹ́ wálẹ̀, kò-kò-kò bẹ̀rẹ̀. Ìsìn parí, ọkọ̀ ti sinmi. Bàbá tún sítáàtì: abẹ́rẹ́ gòkè padà!

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù. Bíárìn tó ti jẹ kì í sinmi kó wá sàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Mo ti rò ó dópin. Bíárìn tó jẹ, bí a bá tẹ ọkọ̀, abẹ́rẹ́ a máa gòkè díẹ̀. Tiwa, bí a bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ló ń wálẹ̀. Ó dà bí ẹni tó dojú bolẹ̀ létí odò, tó ń fẹnu fa omi, tí ewé wá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bó ṣe ń fà á tó ni ewé ń lẹ̀ tó. Bó bá dáwọ́ dúró, ewé á já bọ́. Nǹkan kan ló dí asẹ́ ìsàlẹ̀, nínú abọ́ tí ọ́ìlì ń sùn sí. Mo ṣàlàyé fún Nọ́fíù, ó họ orí. "Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, olórí kunkun." A jọ jẹun.

Mo sọ fún Bàbá pé a máa tú abọ́ náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n má tú u. Kí ló dé, sà? Ó ní òun ní kí n má tú u, kí ọkùnrin Òrù gbé e bó ṣe wà. Bàbá tó ń bá Orogún sọ̀rọ̀ láràárọ̀! Kò yé mi.

Mo máa tú u.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Bàbá lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. A fi ṣéènì so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, a gbé e sókè díẹ̀, a tú abọ́. Asẹ́ ti dí pa. Imọ̀ ọ̀pẹ! Ó ti já wẹ́wẹ́, ó ti dúdú, àmọ́ àwọn kan ṣì ká bí ohun tí wọ́n fọwọ́ hun.

Ta ló ń fi imọ̀ ọ̀pẹ gbàdúrà ju Màmá Japara lọ? Rachel lorúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, Aládùúrà pọ́ńbélé. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ló wá, tó ń fi imọ̀ na bọ́nẹ́ẹ̀tì Orogún, tó ń ké Halelúyà. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kan.

Àfi bó ṣe yọ lọ́sàn-án yìí gan-an, ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wa. Mo da imọ̀ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa ọkọ̀ yìí. Ó wo imọ̀, ó wò mí. "Adémúyìwá. Imọ̀ tèmi ò kọjá orí bọ́nẹ́ẹ̀tì." Bàbá wọlé bá wa lẹ́nu rẹ̀. Ó rí imọ̀ nílẹ̀. Kò gbèjà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò bá mi wí. Ó kàn ń wo igi máńgòrò. Màmá Japara lọ láì mu omi.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Mo fi kẹrosíìnì fọ àwọn imọ̀ náà, mo tò wọ́n. Àgbélébùú ni. Irú èyí tí a máa ń ká ní ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Màmá Japara kì í ká tirẹ̀, gbọọrọ ló ń gbé e.

Kókó àárín rẹ̀ yí sápá òsì. Gbogbo wa là ń yí i sápá ọ̀tún. Ẹnì kan ṣoṣo ní ìjọ wa ló ń yí i sósì. Wọ́n nà án ní kékeré kó tó máa fọ̀tún kọ̀wé, àmọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo ìyókù.

Há, Bàbá.

Ọjọ́ Ajé, 25

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́fíù ní ẹnu mi ti ń jọ ti olè.

Ọjọ́rú, 27

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní Japara, níbi tí ẹ̀gbọ́n Bàbá ń gbé. Màmá Japara jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa kó tó ní kí n dìde. Mo ní mo ti mọ ẹni tó ṣe é. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n láti Sátidé — ṣé kí òun wá dójú ti àbúrò òun níwájú ọmọ rẹ̀ ni?

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Bàbá ti wá bá a ṣáájú Àjíǹde. Bàbá ìjọ Áńgílíkà, ní yíyọ́! Tàpẹ́ẹ̀tì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ̀rù ń bà á pé Orogún ò ní dé Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá bi í pé kí ni àwọn Aládùúrà ń ṣe sí irú èyí? Màmá Japara dá a lóhùn: "Mú àgbélébùú tí o ká, fi sí àyà rẹ, kí o gbàdúrà." Àyà rẹ. Àpò ẹ̀wù Bàbá ló ní lọ́kàn. Bàbá gbọ́ àyà rẹ̀. Ó wá lọ ṣí ìdérí ibi tí a ń gbà rọ ọ́ìlì, ó fi àgbélébùú sí àyà Orogún.

"Hezekiah! Hẹdimásítà tó na ọmọ ọlọ́mọ títí nítorí àmì ohùn!" Màmá Japara fi ìborùn nu omi ojú. Ó ní kí n má sọ pé òun sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

A ti dì í padà. Ọ́ìlì tuntun. Mo tún tàpẹ́ẹ̀tì ṣe. Bàbá bi mí ohun tó dí asẹ́ gan-an. Mo ní ìdọ̀tí ni, sà. Ó ní ìdọ̀tí burú. Mo ní ó burú, sà.

Ọkùnrin Òrù ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án. Bí Orogún bá kọ̀ lójú ọ̀nà ìgboyè, ó tán nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù karùn-ún

Lónìí tí Kíkẹ́ ń gboyè, Bàbá ò gba ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè tààrà. Ó yà sí Japara. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú agbádá ẹtù, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú erùpẹ̀, níwájú gbogbo wa. Kò sọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Màmá Japara fà á dìde, ó na ìka sí i láyà: "Ó wà níbẹ̀?" Bàbá ki ọwọ́ òsì bọ àpò, ó fa ṣóńṣó imọ̀ kan yọ díẹ̀, ó tì í padà. "Ó wà láyà mi, ẹ̀gbọ́n mi." Ó wò mí. Mo wo táyà.

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jókòó síwájú. Èmi, Màmá àti Kíkẹ́ fún ara wa pọ̀ lẹ́yìn. Mi ò rí gééjì mọ́. Etí ni mo ń fi gbọ́ ọ ní gbogbo ọ̀nà, títí Kíkẹ́ fi fi fìlà ìgboyè rẹ̀ gbá mi lórí: "Bọ̀dá Múyì, ẹ mí!"

A dé géètì yunifásítì. Màmá Japara kò mọ gééjì yàtọ̀ sí aago. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní: "Hezekiah, aago ọkọ̀ rẹ yìí ti kú. Láti Japara ni ọwọ́ rẹ̀ ti wà lójú kan lókè."